Títì tí àgbàrá gbé lọ: ta ló ti rí èyí tí wọ́n tún ṣe tó sì dúró?

Ọmọ Òkè
Ẹ kú òjò o. Lánàá mo ń bọ̀ láti oko wa lẹ́yìn Ìdànrè, ibi tí wọ́n dí lọ́dún tó kọjá ti tún là. Yangí ni wọ́n dà sí i, wọ́n fi kátákátá tẹ̀ ẹ́, wọ́n da ọ̀dà lé e lórí, ó parí. Òjò mẹ́ta péré! Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti fojú ara rẹ̀ rí títì ẹ̀gbẹ́ òkè tí àgbàrá gbé lọ, tí wọ́n tún un ṣe, tí kò sì lọ mọ́? Ìtàn ni mo fẹ́, ẹ má sọ òṣèlú.

Dẹ́rẹ́bà Àtijọ́
O ní ká má sọ òṣèlú, o wá ń bèèrè títì. Kí ló kù tá a máa sọ?

Ìyá Oníkòkó
Mo ti sùn sójú ọ̀nà rí nítorí irú ibẹ̀ yẹn. Àpò kòkó mẹ́rìnlá wà lẹ́yìn ọkọ̀. Dẹ́rẹ́bà dúró lójijì, ó ní òun ò ní kọjá. Mo bínú, mo ní ṣebí títì nìyí, ọ̀dà ń dán lórí ẹ̀. Ó ní "Ìyá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀." Mo bẹ̀rẹ̀. Mo rí ìmọ́lẹ̀ lódì kejì! Omi ti kó gbogbo iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ, ọ̀dà nìkan ló ku bí awọ ìlù. Inú ọkọ̀ la sùn, òjò tún rọ̀ lé wa lórí, tapólì sì ti ya. Nígbà tá a fi gba ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, kòkó ti gba omi. Ẹni tó rà á gé owó mi bó ṣe wù ú.

Sùúrù
Àpò mẹ́rìnlá nínú ọkọ̀ wo, Mà?

Ìyá Oníkòkó
Ọkọ̀ ọkọ mi. Ṣé kí n mú ìwé ẹ̀ wá?

Sùúrù
Ẹ má bínú, Mà.

Àlejò Colorado
Ọmọ Akúrẹ́ ni mí, Ìsíkàn, àmọ́ Colorado ní Amẹ́ríkà ni mo ń gbé. Mo ti rí irú ẹ̀. Ọ̀nà kan wà níbí, US 34, tó gba àfonífojì tóóró kan kọjá láti Loveland lọ sí Estes Park. Àpáta lọ́tùn-ún, àpáta lósì, odò Big Thompson àti títì wá ń du àyè láàárín. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2013 òjò rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, odò sì jẹ títì yẹn bí ẹni jẹ àkàrà. Kó tó di òpin oṣù kọkànlá wọ́n ti ṣí i padà. Àmọ́ wọ́n là á mọ́lẹ̀ fún wa pé àlẹ̀mọ́ ni, iṣẹ́ gangan ń bọ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ gangan dé, wọ́n ti ọ̀nà pa lóṣù kẹwàá 2016, ó di oṣù karùn-ún 2017. Ọ̀nà mìíràn, US 36, làwa yòókù ń gbà. Àwọn tó ń gbé inú àfonífojì náà gba ìwé àṣẹ, àkókò tiwọn sì wà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Wọ́n fi ohun abúgbàù fọ́ àpáta, wọ́n sún títì wọnú òkè kó lè jókòó lórí òkúta gan-an, kì í ṣe lórí iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà. Wọ́n wá fi àyè sílẹ̀ fún odò kó máa na ẹsẹ̀. Iyẹn ló yà mí lẹ́nu jù.

Dẹ́rẹ́bà Àtijọ́
Oṣù méje? Tí wọ́n bá ti ọ̀nà Ìdànrè pa fún ọjọ́ méje, àwa á ti la igbó já.

Àlejò Colorado
Bàbá, wọ́n ti rí i rí ni. Ní July 31, 1976, odò yẹn kan náà kún lálẹ́ ọjọ́ kan, ó pa ju 140 èèyàn lọ, ó gbé títì lọ. Wọ́n tún un ṣe, 2013 ló tún lọ yẹn.

Adéọlá_Ọ̀wọ̀
1976! Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Òǹdó sílẹ̀. Àṣé àwa náà dàgbà.

Oníṣẹ́ Títì
Mo ti bá agbaṣẹ́ṣe kan ṣiṣẹ́, mi ò ní dárúkọ. Ibi tí odò bá ti ṣẹ́ kọ́nà, ẹ̀yìn kọ́nà yẹn lomi ti ń gbá. Ẹsẹ̀ títì ló ń jẹ, kì í ṣe ojú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀dà Ìyá fi ń dán. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé páìpù tá a rì sábẹ́ títì kéré, igi àti ewé á dí i. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú ìwé. Òjò ọdún kejì, omi dí, ó gun orí títì, ó gé e sí méjì.

Adéọlá_Ọ̀wọ̀
Kí ìwọ náà tó kúrò níbẹ̀, o gba owó oṣù ẹ, àbí?

Oníṣẹ́ Títì
Mo gbà á. Ọmọ mi wà nílé ìwé.

Ọmọ Òkè
Ohun tó ń dùn mí ni pé Ìdànrè kún fún òkúta, yangí la sì ń gbé títì lé! Àtẹ̀gùn òkè wa 660 lórí àpáta, òjò wo ló gbé ọ̀kan lọ rí?

Sùúrù
682 ni.

Ọmọ Òkè
660. Ìlú mi ni.

Adéọlá_Ọ̀wọ̀
Mo kà á nígbà tá a lọ láti ilé ìwé, 671. Àmọ́ nígbà tí mo dé ibi ìsinmi kẹta, ojú mi ti ń ṣú.

Ẹ̀gbẹ́ Alà
Ẹ fi òkè sílẹ̀, ẹ wá wo Akúrẹ́ níbí. Odò Alà ò lápáta, ọ̀rá piọ́wọ́tà ló ń dí i.

Dẹ́rẹ́bà Àtijọ́
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́lé sínú ẹ̀ ńkọ́? Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, ẹ̀yin lẹ lọ gbé ilé bá a.

Ẹ̀gbẹ́ Alà
Ilé bàbá mi ni! A ti wà níbẹ̀ kí títì tó dé, ìgbà tí wọ́n gbé títì ga ni omi yí sọ́dọ̀ wa.

Oníṣẹ́ Títì
Èyí lè jẹ́ òótọ́ o. Títì tó ga láìní ojú omi tó tó, ìsédò ni.

Ìyá Oníkòkó
Ọmọ Òkè, ọ̀la ni mo fẹ́ kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde. Ṣé ibẹ̀ ṣeé gbà?

Ọmọ Òkè
Wọ́n ti wá dí i láàárọ̀ yìí, Mà. Yangí ni. Ẹ gba ẹ̀yìn.

Sùúrù
682 ni o.