Ọmọ mi fi orin ṣe ẹ̀fẹ̀ Màmá níwájú àlejò: ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Dámi:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, láti Sátidé ni n kò ti rí oorun sùn.

Aṣọ ni mo ń rán, n kì í ṣe olórin. Ṣùgbọ́n orin ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi méjèèjì. Orin ni mo fi ń wẹ̀ wọ́n, orin ni mo fi ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀, orin ni mo fi ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ẹ̀kọ mì. Ohunkóhun tó bá sì ṣẹlẹ̀ nínú ilé ló ń di orin. Bí iná bá lọ tí bàbá wọn fẹsẹ̀ kọ kọ́rọ́bá lókùnkùn, orin nìyẹn. Bí ẹran bá dín nínú ìkòkò tí gbogbo wa ń wo ara wa lójú, orin nìyẹn. Èyí tó dá lórí bí ọkọ mi ṣe ń hanrun tilẹ̀ wà, imú ni àwọn ọmọ fi ń gbè é.

Ti Màmá, ìyá ọkọ mi, ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n wá awò ojú wọn tì. Wọ́n gbọn ìrọ̀rí, wọ́n tú báàgì palẹ̀, wọ́n ti ń fura sí ọmọ aládùúgbò, awò sì wà lórí gèlè wọn bí adé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Màmá pàápàá rẹ́rìn-ín. Nígbà tó máa di alẹ́, mo ti fi ọ̀rọ̀ náà sí ohùn orin òyìnbó kan tí àbúrò Dámi kọ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi:

*Awò dà? Awò dà?*
*Wọ́n wo abẹ́ àga, wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì,*
*Awò ń bẹ lórí Màmá àgbà.*

Ní Sátidé, a ṣe ọjọ́ ìbí 70 ọdún fún Màmá l'Ábẹ́òkúta. Ẹni tó ń darí ètò ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ wá kí ìyá àgbà. Kí n tó dìde, Dámi, ọmọ ọdún 5, ti gba gbohùngbohùn. Orin awò ló kọ. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, èmi náà ń yọ̀, n kò mọ̀ pé ilé ń jó. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì ni mo tó rí ojú Màmá. Wọn kò fọwọ́ kan oúnjẹ mọ́ títí a fi túká.

Lálẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin fà mí sí kọ̀rọ̀: "Ìyàwó wa, ṣé ìwọ lo kọ́ ọmọ pé kó máa pe ìyá wa ní àgbá?"

Àgbá o! Àgbá epo! Màmá sì lára díẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́.

Mo búra pé àgbà ni mo wí, wọn ò gbọ́. Ọkọ mi ní kí n jáwọ́ nínú gbogbo orin. Ṣé kí n jáwọ́ ni? Báwo ni mo sì ṣe máa bẹ Màmá?

Ìyá Ìbejì:

Ẹ má bínú, mo ti rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Tèmi burú ju tiyín lọ. Èmi ni mo kọ́ àwọn ìbejì mi ní orin kan pé bí aláta bá dé, kí wọ́n ní Màmi ò sí nílé. Eré ni mo fi ń ṣe, mo kàn jẹ obìnrin náà ní gbèsè díẹ̀ ni. Ó dé lọ́jọ́ kan, àwọn méjèèjì pàtẹ́wọ́, wọ́n kọ ọ́ fún un látòkè délẹ̀. Abẹ́ fèrèsé ni mo ká kò sí. Aláta ló gbè é! Ẹ má jáwọ́ o jàre.

Bàbá Ìjẹ̀bú:

Ẹ̀rín ni ẹ fi ń ṣe. Ọ̀rọ̀ inú ilé kì í ṣe ohun tí à ń kó sí ọmọdé lẹ́nu. Ọmọ tó ń fi orin sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń hanrun lónìí, iye tí bàbá rẹ̀ ń gbà lóṣù ni yóò kọ lọ́la.

Ìyá Ìbejì:

Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà ń hanrun ni?

Bàbá Ìjẹ̀bú:

Ìyẹn kọ́ là ń sọ.

Tíṣà Onílù:

Ìyá Dámi, ẹ kò ṣẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohùn orin yẹn ló kó bá yín. Ẹ fi ẹnu lásán pe "Màmá àgbà": dò mí, dò dò. Bí orin òyìnbó náà bá wá gbé ohùn sókè níparí ìlà, dò ìkẹyìn ti di mí nìyẹn, àgbà sì ti di àgbá. Ọmọ ò ṣì í pè. Bí ẹ bá gbé dùndún síbẹ̀, ohun kan náà ni ìlù yóò wí.

Wàhálà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ orin ìsìn òyìnbó sí Yorùbá, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wa sábẹ́ ohùn tiwọn, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sì yí padà lẹ́nu ìjọ, ẹ ṣì ń gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì dòní. Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, wà lára àwọn tó fi ohùn tiwa ṣe orin ìsìn. Abẹ́òkúta tí ẹ ti ṣe ọjọ́ ìbí yẹn náà ló ti ṣe àlùfáà, ilé-iṣẹ́ agbohùnsílẹ̀ Zonophone sì gba orin rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ẹ ò rí i pé ẹ̀yin kọ́ ni ẹ kọ́kọ́ bọ́ sí i.

Bí a ṣe ń ṣe é ní kíláàsì mi ni pé a kì í kọ́kọ́ wá ohùn. A ó sọ gbólóhùn náà bí ẹni tó ń bínú, a ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Orin ti wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó pín in sí lílé àti ègbè, kí ègbè kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ọdún 2 lè gbè é. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe tún tiyín ṣe:

*Màmá àgbà ń wá awò* — *Awò dà?*
*Wọ́n wo abẹ́ àga* — *Awò dà?*
*Wọ́n ní ewúrẹ́ ló gbé e* — *Awò dà?*
*Wọ́n fọwọ́ kan gèlè* — *Awò rè é!*

Ibi ewúrẹ́ yẹn ni ọmọdé ti máa ń ṣubú lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Orin tiyín kò ní ewúrẹ́.

Ìyá Aláṣọ-òkè:

Tíṣà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju dò re mí lọ.

Ọmọ mi, ẹ̀yin ò gbé agboolé. Ní agboolé tí wọ́n bí mi sí n'Ísẹ́yìn, ìyàwó mẹ́rin ló wà nílé bàbá mi. Wọn kì í bú ara wọn ní gbangba. Ẹni tó ń gún iyán ni yóò da orin sílẹ̀ lójú odó, kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹni tó ń bá wí á sì ti mọ̀. Nígbà mìíràn, wọn á kọ́ ọmọ ní orin náà pé kó máa kọ ọ́ kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí ta ni yóò pe ọmọdé lẹ́jọ́? Orin òwe là ń pè é. Ẹni tó dàgbà sínú ìyẹn, bó bá gbọ́ orin lẹ́nu ọmọ-ọmọ rẹ̀, kò ní béèrè ohun tí ọmọ wí. Ẹni tó rán an ni yóò béèrè.

Torí náà, lọ bá wọn. Má lọ ṣe àlàyé ohùn orin o. Má sì sọ pé "ẹ ò gbọ́ ọ dáadáa ni", torí ìyẹn ni pé etí wọn ti di, ó wá di èébú méjì. Kúnlẹ̀, ní "Màmá, mo ṣì í." Kí o wá kọ orin tó dá lórí ìwọ fúnra rẹ fún wọn, kí wọ́n rí i pé ìwọ náà ò yọ ara rẹ sílẹ̀.

Àwọn tó ń pàlọ́ mọ ọgbọ́n yìí. Àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo kó lè lóyún, ọkọ rẹ̀ Ìjàpá ló tọ́ ọ wò lọ́nà, tó jẹ ẹ́ tán, tí ikùn rẹ̀ wú gbẹndu. Bàbá wo ló ń gbe orin àlọ́ yẹn tí kò tíì ṣí ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ rí? Ṣùgbọ́n Ìjàpá ni wọ́n dárúkọ.

Ọmọ Ìbàdàn ní Peckham:

Ìyá Dámi, orin ẹran tó dín nínú ìkòkò tí ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ síbí lọ́dún tó kọjá, ó ṣiṣẹ́ nílé mi ní Lọ́ńdọ̀nù níbí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọmọ mi obìnrin kì í dá mi lóhùn ní Yorùbá. Lọ́jọ́ kan, mo ṣí ìkòkò, ló bá dúró lẹ́yìn mi, ó fi orin bi mí pé ta ló jẹran. Àwa méjì péré la wà nílé o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sí YouTube.

Bàbá Ìjẹ̀bú:

Ẹ má fi ojú ọmọ hàn nínú rẹ̀. Ohùn tó.

Ìyá Dámi:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará ilé. Ìyá Aláṣọ-òkè, ẹ kú ìmọ̀ràn. Mo ti lọ, mo ti bọ̀.

Ẹja yíyan ni mo mú lọ. Mo kúnlẹ̀, Màmá ń wo ògiri. Mo ní mo ṣì í. Wọ́n ní "Ẹ ǹlẹ́." Ẹ̀yin náà mọ irú "ẹ ǹlẹ́" tí ìyá ọkọ ń kí ìyàwó. Ni mo bá ṣẹ́jú sí Dámi, mo dá orin:

*Ìyá Dámi gbé ẹ̀wà kaná* — *Ẹ̀wà ń kọ́?*
*Ó gbé fóònù, ó jókòó* — *Ẹ̀wà ń kọ́?*
*Ilé ń rùn, ó ní ará ẹ̀yìn ilé ni* — *Ẹ̀wà ń kọ́?*
*Ó sáré dé ìdí iná* — *Ẹ̀wà ti deérú!*

Bó ṣe dé "ará ẹ̀yìn ilé", èjìká Màmá ń mì. Wọ́n ní kí n tún un dá. Nígbà kejì, àwọn ni wọ́n ń gbè é, tí wọ́n ń fi ṣíbí lu tíìnì mílíìkì. Mo wá kọ ti awò bí Tíṣà ṣe tún un ṣe. Wọ́n ní ewúrẹ́ kọ́ ni àwọn wí lọ́jọ́ náà, adìyẹ ni àwọn wí, kí n tún un ṣe.

Ká ní mo dìde nígbà yẹn ni. Màmá ní àwọn náà ní orin. Wọ́n fa Dámi àti àbúrò rẹ̀ mọ́ra, wọ́n kọ́ wọn ní ti bàbá wọn, tó jẹ́ atọ̀ọ́lé títí ó fi lé ní ọdún 9:

*Ta ló rin ẹní lómi?* — *Ó ní òjò ni!*
*Òkè ilé ló ń jò* — *Ó ní òjò ni!*
*Ìgbà wo ni òjò rọ̀?* — *Ẹ̀ẹ̀rùn ni!*

Látinú mọ́tò ni wọ́n ti ń kọ ọ́ títí a fi dé Ìbàdàn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àdúgbò wa ti mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi ti ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí láti àárọ̀. Ó ní òun náà ní ìbéèrè tí òun fẹ́ bi ẹ̀yin ará ilé, pé kí n fi nọ́ńbà òun kún tiyín. Bàbá Ìjẹ̀bú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.