Ṣé ká pín ásíìdì inú fínígà sí áyọ́ọ̀nù ni, àbí ká kọ ọ́ ní odindi?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ ṣe WAEC ni mò ń kọ́ ní kẹ́mísírì, ibì kan sì ti há wa lọ́rùn láti àná.

Ìdọ́gba áyọ́ọ̀nù, èyí tó ń fi kìkì àwọn ohun tó yí padà hàn, là ń kọ. HCl (ásíìdì tó lágbára) àti NaOH (álíkálì tó lágbára) ò yọ wá lẹ́nu. Méjèèjì ló ń túká pátápátá sí áyọ́ọ̀nù (àwọn ègé kékeré tó ní iná mànàmáná lára) nínú omi. Na⁺ àti Cl⁻ kàn ń wòran ni, a fagi lé wọn, ó ku H⁺ + OH⁻ → H₂O. Ó dùn mọ́ ọmọ yìí débi pé gbogbo ásíìdì ló ń kọ ọ́ fún báyìí!

Ìgbà tó kan CH₃COOH (ásíìdì inú fínígà) àti NaOH ni wàhálà dé. Mo ní ásíìdì tí ò lágbára ni, díẹ̀ péré nínú rẹ̀ ló ń túká, nítorí náà ká kọ ọ́ ní odindi: CH₃COOH + OH⁻ → CH₃COO⁻ + H₂O. Tíṣà rẹ̀ fi bírò pupa fagi lé e, ó ní H⁺ + OH⁻ náà ni.

NH₃ (amóníà) àti HCl wá ńkọ́? NH₃ + H⁺ → NH₄⁺ ni mo kọ, omi kankan ò sì jáde níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti máàkì ìdánwò rí, èwo lẹ máa ń fún ní máàkì?