Gààrí, láfún tàbí fùfú: èwo ni kí n fi ẹ̀gẹ́ mi ṣe?

Ọmọ Ìbàràpá:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gẹ́ bí éékà méjì wà nílẹ̀ fún mi lóko kan nítòsí Èrúwà. Màmá mi ló gbìn ín, èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tí eékún ti ń dùn wọ́n. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti wà nílẹ̀, ó ti gbó. Àwọn tó máa ń fi mọ́tò wá ra ẹ̀gẹ́ lóko ti wò ó, owó tí wọ́n sì dá lé e kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Mo ti pinnu pé mi ò ní tà á ní tútù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá pín sí mẹ́ta nìyí. Màmá mi ní láfún ni kí n ṣe, torí òun la bá lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Mushin ní fùfú ni, pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rà á lọ́dọ̀ wọn. Ìyá kan ládùúgbò wa tó ń yan gààrí ní kí n má dá ẹnikẹ́ni lóhùn, inú gààrí lowó wà.

Ẹ̀gẹ́ kan náà ló bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ló wá jọra nínú wọn, kí ló yàtọ̀, kí ni èrè àti wàhálà ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ohun tí mo ní nìwọ̀nyí: kànga kan tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ó jìnnà sílé díẹ̀, àpáta pẹrẹsẹ kan lẹ́yìn ilé, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ wà láàárín ìlú, owó la fi ń rin ín níbẹ̀. Mi ò ní búkà tí mo lè ti yan gààrí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é ni kó dá mi lóhùn.

Ọmọ Aké:

Láfún ni o! Ẹ̀gbá ni mí, mi ò lè purọ́ fún yín. Ẹ bó ẹ̀gẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sómi títí tí yóò fi rọ̀, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, ẹ rún un, ẹ sá a sórí àpáta yẹn. Kò gba jáàkì, kò gba igi ìdáná. Tó bá ti gbẹ dáadáa, ẹ lè dì í sápò kó wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ ó kàn máa gbé ìwọ̀nba tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀rọ. Láfún funfun, ewédú, ata dídín àti ẹja: ẹni tó bá jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Abẹ́òkúta yóò padà wá.

Ìyá Alágààrí, Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ọmọ Aké, òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n o ò tíì sọ ti ẹni tó ń ṣe láfún nígbà òjò. Ọmọ Ìbàràpá, fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọmọ lo béèrè yìí.

Kí n kọ́kọ́ mú ibi tí wọ́n ti jọra. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a kì í jẹ́ kó kan. Oró wà nínú ẹ̀gẹ́, pàápàá èyí tó korò, sáyánáìdì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́, tàbí tí a rẹ ẹ́ títí tó fi rọ̀, ara rẹ̀ á fọ́, oró yẹn á rí ọ̀nà jáde. Òmíràn á bá omi lọ nígbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́, èyí tó kù á bá ooru iná tàbí ti oòrùn lọ. Ìdí nìyẹn tí ìkánjú fi léwu nínú iṣẹ́ yìí. Gààrí tí wọ́n rin láàárọ̀ tí wọ́n sì yan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, èmi ò ní gbé e fún ọmọ mi mu, bó ti wù kó funfun tó.

Ohun mìíràn tí wọ́n fi jọra ni pé ẹ̀gẹ́ tí a ti fà kì í dúró de èèyàn. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, bó o bá gé e, wàá rí ìlà dúdú nínú rẹ̀. Má fa ju èyí tí apá ẹ ká lọ. Omi ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀: tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan, gààrí tó máa ń jáde níbẹ̀ kì í sábà ju bíi kílò 200 sí 250 lọ. Bí ẹnì kan bá fi iye àpò tó ju bẹ́ẹ̀ lọ tàn ẹ́, má gbà á gbọ́.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ohun tí wọ́n ń jẹ lọ́wọ́ ẹni. Gààrí ń jẹ igi àti apá. Láfún ń jẹ oòrùn. Fùfú ń jẹ omi. Wo èyí tó o ní lọ́pọ̀ lọ́dọ̀ ẹ kó o tó mú ọ̀kan.

Gààrí tí mo ń yan ni màá sọ jù. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó rin ín, a ó dà á sápò, a ó wá fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ máa ro. Lọ́dọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú, a máa ń jẹ́ kó pẹ́ nínú àpò, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta, kó lè kan dáadáa, torí kíkan yẹn ni àwọn tó ń fi omi tútù mu ún ń wá. Àwọn tó fẹ́ fi tẹ ẹ̀bà nìkan kò fẹ́ kíkan tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan sí méjì ti tó fún tiwọn. Àwọn ará ìhà Ẹdó máa ń da epo pupa sí tiwọn kó lè pọ́n. (Má fi ìyẹn pe ẹ̀gẹ́ tó ní fítámì A, tí wọ́n kọ́kọ́ mú jáde fáwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà lọ́dún 2011. Tìyẹn, láti inú ilẹ̀ ló ti pọ́n wá, kò nílò epo.)

Tó bá kúrò lábẹ́ jáàkì, a ó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, a ó fi asẹ́ kù ú kí okùn inú rẹ̀ lè jáde. Ìgbà tó bá wá dé orí iná ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ lo máa dà á sínú agbada, torí bó bá pọ̀ jù, kókó ló máa dì. Àfọ́kù igbá la fi ń tì í lọ tì í bọ̀, ọwọ́ ò sì gbọdọ̀ dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ á wúwo lábẹ́ igbá, oru á máa rú bò ẹ́ lójú. Tó bá yá, á fúyẹ́, ìró rẹ̀ á yí padà, á máa dún bí iyanrìn gbígbẹ tí wọ́n ń gbá. Ìgbà yẹn ni mo máa ń bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kí n fún un mọ́ra. Bó bá lẹ̀ mọ́ ara wọn, kò tíì tó. Bó bá fọ́n ká lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo ti lè kó o kúrò. Lẹ́yìn náà, a ó tẹ́ ẹ kó tutù pátápátá kó tó wọ àpò, torí gààrí tó bá wọ àpò pẹ̀lú ooru lára á làágùn níbẹ̀, á sì bu.

Bó o bá máa kọ́ búkà, mo bẹ̀ ẹ́, kọ ẹnu ààrò síta. Kí ẹni tó ń koná wà lóde, kí ẹni tó ń yan wà nínú, kí ògiri wà láàárín wọn. Ojú àwọn obìnrin ọ̀pọ̀ ni èéfín yìí ti bà jẹ́ nídìí agbada, ó sì ń dùn mí pé wọ́n ṣì ń kọ́ búkà tuntun lónìí tí ẹnu ààrò rẹ̀ dojú kọ ẹni tó ń yan.

Èrè gààrí ni pé iná ti parí iṣẹ́ lórí rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á. Ọmọ ilé ìwé, àpọ́n, onímọ́tò tó wà lójú ọ̀nà, omi tútù àti ẹ̀pà, ó ti yó. Láfún àti fùfú gbọ́dọ̀ tún padà sórí iná. Bí gààrí bá gbẹ dénú, oṣù mẹ́fà kì í ṣe nǹkan lára rẹ̀, kò sì sí ọjà tí kò ní oníbàárà. Wàhálà rẹ̀ ni owó tó ń gba ọwọ́ ẹ lọ kó o tó tà á: owó àwọn tó bó o, owó ẹ̀rọ, owó igi, owó ẹni tó yan án. Igi ìdáná ti wọ́n báyìí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ gààrí yan kì í gba owó kékeré. Ka gbogbo ìyẹn kó o tó sọ pé inú gààrí lowó wà.

Ní ti láfún, màmá ẹ ò ṣì ọ́ lọ́nà. Àpáta tó wà lẹ́yìn ilé yín yẹn, ohun tí ẹlòmíràn ń fowó wá ni. Ṣùgbọ́n oòrùn kì í gba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú fún ọjọ́ méjì léraléra, láfún á bẹ̀rẹ̀ sí í bu, àwọ̀ ewé á yọ lára rẹ̀, òmíràn á dúdú, àmàlà tó bá ti inú rẹ̀ jáde á máa rùn. Ohun tí mi ò fẹ́ rí ni sísá láfún sétí títì. Eruku, èéfín mọ́tò àti ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ni wọ́n ń dì mọ́ oúnjẹ yẹn tà fún ọmọ ọlọ́mọ. Bó o bá máa sá tìẹ, fọ àpáta náà kó mọ́, kó o tẹ́ tapólì tó mọ́ sí i, kí ọmọ kan sì jókòó tì í.

Fùfú, ẹni tó ń tà á ni kó sọ tirẹ̀.

Onífùfú, Mushin:

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Ìyá. Ẹ ti sọ èyí tó pọ̀ jù.

Bí wọ́n ṣe ń rẹ láfún náà la ṣe ń rẹ fùfú, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Tó bá ti rọ̀, inú omi la ti ń fọwọ́ rún un lórí asẹ́, okùn á dúró sókè, èyí tó dára á rọ́ sísàlẹ̀. A ó fi í sílẹ̀ kó tòrò, a ó da omi orí rẹ̀ nù, a ó tún bu omíràn sí i kó lè mọ́, lẹ́yìn náà a ó dà á sápò, a ó gbé òkúta lé e. Ẹni tí kànga rẹ̀ bá jìnnà á mọ̀ pé òun ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n yín kò parọ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rà á. Ojoojúmọ́ náà ló sì gbọ́dọ̀ tà, torí fùfú tútù kì í pẹ́. Bó o bá gbé e láti Èrúwà wá sí Mushin, bí ìdajì ẹrù yẹn ló jẹ́ omi, ìwọ lo sì ń sanwó mọ́tò rẹ̀. Àwọn awakọ̀ kan kì í tilẹ̀ gbé e nítorí òórùn. Èmi, Ọ̀tà ni mo ti ń ra tèmi, ẹni tó ń ṣe é lè pè mí láàárọ̀ kí ọjà dé kó tó di ọ̀sán. Fùfú gbígbẹ wà, èyí tí kò rùn. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba tó wà ní Oshodi, FIIRO, ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó ń pẹ́, ó sì rọrùn láti gbé, àmọ́ ó gba ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ ẹ́, mi ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ pé o ní in.

Ọmọ Ìbàràpá:

Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Ẹ ṣé, Onífùfú. Ọ̀rọ̀ fùfú ti kúrò lọ́kàn mi, màá ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ìyá, ṣé mo lè pín in sí méjì, kí n fi apá kan ṣe láfún, kí n fi ìyókù yan gààrí? Irú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní TME 419 ni. Omi tó ń ro lábẹ́ jáàkì ńkọ́, níbo ni mo máa dà á sí? Ewúrẹ́ pọ̀ ládùúgbò wa.

Ìyá Alágààrí, Ìjẹ̀bú-Igbó:

O lè pín in, èmi ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. TME 419 ò ní já ẹ kulẹ̀, ó dára fún gààrí, ó dára fún láfún. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, máa fà á díẹ̀díẹ̀ fi ṣe láfún. Ilẹ̀ á le nígbà yẹn, ẹ̀gẹ́ á máa ṣẹ́ sínú ilẹ̀, nítorí náà wá ọmọkùnrin tó lágbára tó lè fi ọkọ́ hú u. Tí òjò bá ti dé, fi sísá sílẹ̀, kó o mú ìyókù lọ sí ìdí gààrí. Àmọ́ má jẹ́ kó pẹ́ jù nílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, torí ẹ̀gẹ́ tó bá ti gbó jù máa ń di igi, okùn inú rẹ̀ ni wàá máa kù dànù.

Omi ẹ̀gẹ́ yẹn, oró tí mo wí ló wà nínú rẹ̀. Ewúrẹ́ tó bá mu ún lè kú, koríko ibi tó bá ń ṣàn sí á jó gbẹ. Gbẹ́ kòtò fún un, kó jìnnà sí kànga, kó o sì fi nǹkan bò ó. Bó o bá fẹ́ ṣẹ́tá (sítáàṣì), gbe omi náà nínú bàsíà kó tòrò kó o tó dà á sí kòtò, wàá rí funfun tó sùn sísàlẹ̀, òun ni ṣẹ́tá tí wọ́n fi ń mú kí aṣọ le. Èèpo rẹ̀, sá a kó gbẹ dáadáa kó o tó fún ewúrẹ́ jẹ.

Má tíì ra jáàkì, má tíì kọ́ búkà lọ́dún yìí. Lọ bá ìyá tó ń yan gààrí ládùúgbò yín, béèrè iye tó máa gbà bó o bá ń lo jáàkì àti agbada rẹ̀ lọ́jọ́ tí òun ò bá lò ó. Bó bá gbà, gbé àpò kan ṣoṣo lọ kọ́kọ́ dán an wò, kó o sì bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kó o jókòó ti agbada náà fúnra ẹ.