Ìgbà tí òṣìṣẹ́ lè ra ọkọ̀ alágbára, kí ó sì tún un ṣe bí ó ṣe wù ú

Ọmọ Òkè-Àró (olùbéèrè)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ni mo gbé wá. Mo ti ń kà nípa àwọn ọkọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní muscle car, tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ tí kò tóbi ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì ńlá sí nínú, tí wọ́n sì ń tà á ní iye tí ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lè san. Ford gbé Mustang jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1964 ní dọ́là 2,368, èyí tí wọ́n sì tà láàárín ọdún kan lé ní 400,000. Plymouth Road Runner ti ọdún 1968 kò tó dọ́là 3,000, bẹ́ẹ̀ horsepower 335 ni agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ohun tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé ẹni tí ó bá rà á kì í fi í sílẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é: á pààrọ̀ kábúrétọ̀ (ohun tí ó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì), á pààrọ̀ rímù, á gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, á sì kùn ún ní àwọ̀ tí kò sí lára ọkọ̀ ẹlòmíràn ní gbogbo àdúgbò.

Ǹjẹ́ irú èyí wáyé ní Àkúrẹ́ níbí nígbà tí ìlú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú-ìlú ìpínlẹ̀? Àwọn àwòrán àtijọ́ tí mo rí kún fún Peugeot 504 àti Ìjàpá (Volkswagen Beetle), ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Báwo ni olùkọ́ àti akọ̀wé ṣe ń rí owó rẹ̀? Ṣé ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀dọ́ òde òní ra 504 àtijọ́, kí ó máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀?

Ìyá Olùkọ́, Ìjàpọ̀

Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè. Ó wáyé dáadáa, inú mi sì dùn pé ẹnì kan nínú ẹ̀yin èwe ṣì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976 ni ìjọba dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú rẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó wá láti Ìbàdàn. Ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀ gan-an, ìyẹn 1975, ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ wa, ọdún yẹn náà sì ni owó Údọjì bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́, nítorí pé wọ́n ka àfikún owó oṣù náà sẹ́yìn dé oṣù kẹrin ọdún 1974. Ẹni tí ipò rẹ̀ bá tó bẹ́ẹ̀ lè yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, kí wọ́n máa yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀ títí yóò fi tán. N kò ní sọ pé gbogbo ènìyàn ni ó rí i rà o. Àgbẹ̀ tí ó wà ní oko kòkó àti obìnrin tí ó ń ta iṣu ní Ọjà Ọba ń fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kí wọ́n wọ ọkọ̀ èrò. Ṣùgbọ́n olùkọ́ lè ra ọkọ̀ tuntun, ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí, èyí tí àwọn ọmọ mi kò lè ṣe lónìí pẹ̀lú gbogbo ìwé tí wọ́n kà.

Ìjàpá ni èmi ń wà. Mo kùn ún ní àwọ̀ ọsàn, mo rán aṣọ bo ìjókòó rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mo sì ní kí ẹni tí ń ṣe iná ọkọ̀ fi ìmọ́lẹ̀ kéékèèké méjì kún ti iwájú. Àwọn ọkùnrin tí ó ní 504 a máa fi aṣọ onírun bo dáṣíbọọ̀dù, wọ́n a gbé sípíkà ńlá méjì sí abẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn, àwọn mìíràn a sì kọ orúkọ àkọ́bí wọn sí ara gíláàsì náà. Bí o bá dé àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìjọmú lọ́jọ́ Àìkú, kò sí ọkọ̀ méjì tí ó jọra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ méjì yẹn náà ni ó ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìdùnnú ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà jẹ́ tèmi: èmi ni mo san gbèsè rẹ̀ tán, èmi ni mo mọ ohun tí ó ń dùn nínú rẹ̀ kí mẹkáníìkì tó dé.

Ọmọ Arákàlẹ̀ ní Detroit

Mo kí ìyá wa, mo sì kí àbúrò tí ó béèrè. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín kún un. Pontiac ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ẹni tí ó ṣí ọ̀nà: fún ọdún 1964, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) lítà 6.4 sínú ọkọ̀ Tempest, wọ́n pè é ní GTO, àfikún tí ènìyàn yóò san lórí rẹ̀ kò sì tó dọ́là 300. Ẹ́ńjìnnì V8 kékeré tí Chevrolet gbé jáde ní 1955 ni ó mú kí àtúnṣe rọrùn fún ọmọ tálákà, nítorí pé ọ̀pọ̀ èèlò ti ọdún kan ni ó ń wọ ti ọdún mìíràn. Ọmọ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé epo lè tú ẹ́ńjìnnì láti ara ọkọ̀ tí ó ti ní ìjàǹbá, kí ó gbé e sínú tirẹ̀. Owó iṣẹ́ oṣù yìí á ra kábúrétọ̀ Holley, ti oṣù tí ń bọ̀ á ra ọwọ́ gíà Hurst, rímù Cragar á sì dúró di ìgbà tí owó bá tún yọ.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó pa irú ọkọ̀ yìí. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò gbé owó gọbọi lé àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń wà á, òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti 1970 mú kí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, nígbà tí ó sì di oṣù kẹwàá ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Árábù kò ta epo fún Amẹ́ríkà mọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọdọọdún nínú oṣù kẹjọ, láti 1995, ni wọ́n ń wa àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn kọjá ní Woodward Avenue níbí, èmi náà a sì máa lọ wò wọ́n. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń tà wọ́n báyìí ti kúrò ní ti òṣìṣẹ́.

Àbúrò, n kò rò pé a lè pe 504 ní muscle car ṣá. Ẹ́ńjìnnì èyí tí ó wọ́pọ̀ nílé kò ju lítà 2 lọ.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì, Ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé

Ẹ̀gbọ́n Detroit, òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwa kì í ṣe ọ̀nà tiyín. Agbára tí a ń wá ni kí ọkọ̀ gbé èrò àti ẹrù gun òkè Ìdànrè láìgbóná, kí ó sì sáré dé Iléṣà lórí ọ̀nà tí ó ti jẹ kòtò. 504 ni Ove Andersson, awakọ̀ ará Sweden, fi gba ìdíje ọkọ̀ Safari ní Kenya ní 1975, ọ̀nà eléruku àti ẹrẹ̀ ni wọ́n sì ti du ú.

Àbúrò, ohun tí ó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ lè ní irú ọkọ̀ yìí kọjá iye tí ó rà á. Ó ṣeé tú pẹ̀lú sípánà lásán, ó sì ṣeé tún ṣe ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí owó bá ṣe ń wọlé. Ìhà tí písítìnì ti ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì 504 jẹ́ láínà tí a lè fà yọ. Bí ó bá jẹ, a ó ra láínà àti písítìnì tuntun, a kò ní gbé ẹ́ńjìnnì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ. Ẹ́ńjìnnì lítà 2 (1971 cc) rẹ̀ náà ni wọ́n lò nínú àwọn kan lára Peugeot 505 tí ó jáde ní 1979, nítorí náà 505 tí ó ti ní ìjàǹbá jẹ́ ìṣúra fún ẹni tí ó ní 504. Ní ti Ìjàpá, bóòtì mẹ́rin ni ó so ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́ gíà, gbogbo ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó bo táyà rẹ̀ ni a sì lè tú, kí a fi èyí tí ó fẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí a ń rà báyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni ó ń pàṣẹ fún ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹni tí kò bá sì ní ẹ̀rọ tí ó ń ka àṣìṣe kò lè fọwọ́ kàn án.

Náírà ni ó ba ọ̀ràn jẹ́ fún wa. Ní 1980, dọ́là kan kò tó náírà kan. Lẹ́yìn ètò SAP (ètò àtúntò ọrọ̀-ajé) tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1986, ó ti lé ní náírà 4 kí ọdún 1987 tó parí, láínà tí oníbàárà mi ń rà láìronú wá di ohun tí ó ń dá owó rẹ̀ jọ fún.

Ọmọ Òkè-Àró

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀gá mi, mo ti rí 504 kan ní Oǹdó tí wọ́n fẹ́ tà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì, Ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé

Má ṣe jẹ́ kí ọ̀dà tàn ọ́, má sì bẹ̀rù ẹ́ńjìnnì. Abẹ́ rẹ̀ ni kí o wò. A lè ṣí ara Ìjàpá kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀, kí a jó irin tuntun sí i, ṣùgbọ́n 504 kò ní ṣasí tí ó dá dúró. Ara ọkọ̀ náà ni ó ru gbogbo rẹ̀. Fi jáàkì gbé e, kí o fi ọwọ́ kan abẹ́ ilẹ̀kùn, ilẹ̀ ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé, àti ibi tí súpíríńgì ẹ̀yìn jókòó sí. Bí irin ibẹ̀ bá ń bu, padà sílé. Bí ó bá le, béèrè ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, kí nọ́ńbà ara ọkọ̀ àti ti inú ìwé bára mu, lẹ́yìn náà ni kí o pè mí kí a jọ lọ sí Oǹdó kí o tó san kọ́bọ̀.