Bíréèkì Camry mi ń di tayà mú, mẹkáníìkì ò sì gbé fóònù

Bàbá Móyọ̀: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí. Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì Ìbàdàn yìí ti sú mi. Camry 2000 ni mò ń wà, bàbá ìyàwó mi ló fi sílẹ̀ fún wa, n ò sì lè tà á torí ẹnu àwọn àna. Mo ní kí ọkùnrin yìí bá mi pààrọ̀ gbogbo ọ́ìlì rẹ̀: ti ẹ́ńjìnnì, ti gíá, pẹ̀lú omi rádíétọ̀. Ó gbowó tán, ó tún ní kí n fún àwọn ọmọ iṣẹ́ òun lówó oúnjẹ! Ní báyìí bíréèkì ń di tayà mú fúnra rẹ̀. Lánàá ní Mọ́kọ́là, tayà iwájú gbóná títí ó fi ń rùn. Ṣé kí n lọ bá a jà ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ lọ bá a jà o! Èmi, wọ́n yọ bátìrì mi, wọ́n fi ògbólógbòó sí i. Mo délé kí n tó mọ̀.

Dẹ́rẹ́bà Sángo: Afẹ́fẹ́ ló wọ̀ ọ́. Kí wọ́n lé e jáde, ó parí.

Ọmọ Àrárọ̀mí: Afẹ́fẹ́ kọ́. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni, pẹ́dáàlì á máa rì wọlẹ̀ ni, kò ní di tayà mú. Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì gan-an kẹ́yìn? Ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3, ìyẹn irú ọ́ìlì bíréèkì kan, tó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C. Tó bá ti mu omi, ó lè hó ní 140°C. Ọdún méjì méjì ló dáa ká máa pààrọ̀ ẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà Sángo: Ọjà lò ń tà. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wakọ̀, n ò pààrọ̀ ẹ̀ rí.

Ọmọ Àrárọ̀mí: Abájọ tí àwọn èrò ọkọ̀ rẹ fi ń ké Jésù.

Bàbá Móyọ̀: Ẹ má jà. Èmi ń tọ́jú ọkọ̀ o. Ọ́ìlì bíréèkì ò dín rárá, ó kún. Ìdérí ẹ̀ nìkan ni kò fẹ́ dé mọ́, rọ́bà inú ẹ̀ ti wú, ó rí wúruwùru.

Àǹtí Mẹkáníìkì: Ẹ dúró ná. Rọ́bà wú? Àwọ̀ wo ni ọ́ìlì náà?

Bàbá Móyọ̀: Ó pupa díẹ̀. Iná bíréèkì tàn, ọmọ ilé epo bá fi ti sitẹ́ẹ̀rìn tó wà nínú búùtù mi kún un. Ó ní ọ́ìlì ni gbogbo ẹ̀. Díẹ̀ ni o! Mẹkáníìkì ló yẹ kó ti kún un.

Àǹtí Mẹkáníìkì: Mẹkáníìkì yẹn ò ṣẹ̀ yín lórí èyí. Ọ́ìlì sitẹ́ẹ̀rìn máa ń mú rọ́bà bíréèkì wú. Tó bá ti wú, ọ́ìlì ò ní rí ọ̀nà padà sẹ́yìn mọ́, ohun tó ń di tayà mú nìyẹn. Fífọ̀ nìkan ò lè tán an. Màsítà (èyí tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí tayà tí ẹ bá tẹ pẹ́dáàlì), rọ́bà kálípà iwájú (èyí tó ń fún páàdì bíréèkì mọ́ díìsì), ti dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn, gbogbo họ́ọ̀sì àti ìdérí yẹn, ẹ pààrọ̀ wọn. Kí wọ́n fọ páìpù irin mọ́ tónítóní kí ẹ tó da DOT 3 tuntun sí i, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí.

Ìyá Ìbejì: Ṣé kó ṣì lọ bá a jà?

Bàbá Móyọ̀: Ṣé mo lè ra màsítà tòkunbọ̀?

Àǹtí Mẹkáníìkì: Ẹ ò mọ bí rọ́bà inú ẹ̀ ṣe rí. Tuntun ni kí ẹ rà.

Bàbá Móyọ̀: Ó dáa. Màá kàn fi gbé àwọn ọmọ dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la ná, kò jìnnà.

Ọmọ Àrárọ̀mí: Bàbá Móyọ̀, ẹ wọ kòrópe!