Ọwọ́ ọkọ̀ ń gbọ̀n mọ́ mi lọ́wọ́ bí mo bá ti tẹ bíréèkì

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Corolla 2005 ni mò ń wà. Bí mo bá ń yí gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ láàárín ìgboro, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí mo bá bọ́ sí títì márosẹ̀ láti Òjòó wá sí Ìwó Road, tí mo ti ń sá tó 90, tí mo wá rọra tẹ bíréèkì, ọwọ́ ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Tí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó dákẹ́. Mo ti ṣe báláǹsì, mo ti ṣe àláímẹ́ǹtì, pàbó. Mọkálíìkì mi ní kí n lọ ra dísìkì iwájú méjèèjì ní Ararọ̀mí, ní Géètì. Gaàrí ni mò ń tà, n kì í tẹ owó. Ṣé dísìkì ni lóòótọ́?

Dírẹ́bà Mọníyà:
Bọ́ṣìn lówà áàmù ni, mà, rọ́bà apá irin tó di ẹsẹ̀ táyà mú lábẹ́ ọkọ̀. Mo pààrọ̀ tèmi, ó lọ.

Alábíréèkì Mọ́kọ́lá:
Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì lọ sí Géètì. Ẹ ti fẹnu ara yín sọ ìdajì ẹ̀: ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ló ń gbọ̀n. Táyà tí kò ní báláǹsì kì í dúró de bíréèkì kó tó gbọ̀n. Ọwọ́ ló sì ń gbọ̀n, kì í ṣe ìdí yín lórí ìjókòó. Ká ní ìdí ni, ẹ̀yìn ni ǹ bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Gbogbo wa la máa ń sọ pé dísìkì "ti tẹ̀", ṣùgbọ́n èyí tó tẹ̀ ní ti gidi ṣọ̀wọ́n. Ohun tí mo sábà máa ń bá nìyí: ìpẹtà wà láàárín dísìkì àti họ́ọ̀bù, ìyẹn irin tí dísìkì àti táyà jókòó lé, dísìkì ò jókòó dáadáa, ó wá ń yí wọ́gọwọ̀gọ. Pádì tó ń fún dísìkì á máa ha ojú kan ju ojú kejì lọ. Bó bá pẹ́, ibì kan á fẹ́lẹ́, ibì kan á nípọn, ibi tó nípọn yẹn ló ń ti pádì padà tí ẹ fi ń rí i lọ́wọ́. Ẹ ra tuntun, kí ẹ gbé e lé ìpẹtà kan náà, á tún padà wá.

Ta ló tú táyà yẹn kẹ́yìn? Àwọn fọkanáísà kan wà tó jẹ́ pé páìpù gígùn ni wọ́n ń kì bọ sípánà, wọ́n á wá gun orí ẹ̀, wọ́n á de nọ́ọ̀tì kan dójú àmì kí wọ́n tó kan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Inú máa ń bí mi. 103 Nm péré, ìyẹn ìwọ̀n agbára ìdè, ni wọ́n ní kí wọ́n fi de nọ́ọ̀tì ọkọ̀ yín. Kó máa fo ọ̀kan bó ṣe ń dè é, kí gbogbo rẹ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kan ara wọn, kó tó wá dè é le.

Ẹ ní kí mọkálíìkì yọ kálípà, irin tó ń ti pádì mọ́ dísìkì, kó fi wáyà so ó rọ̀, kó má fi họ́ọ̀sì rọ̀. Kó fọwọ́ fa píìnì méjèèjì tí kálípà ń yọ̀ lórí ẹ̀. Ó yẹ kó máa yọ̀ wọlé yọ̀ jáde. Bí ọ̀kan bá há, pádì ò ní fi dísìkì sílẹ̀, rìmù ẹ̀gbẹ́ yẹn á máa gbóná ju ìkejì lọ. Kó wá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ojú họ́ọ̀bù títí á fi dán. Kó dá dísìkì padà, kó fi nọ́ọ̀tì dè é, kó de sukudíráífà sún mọ́ ojú ẹ̀, kó máa yí i. Tí àlàfo yẹn bá ń fẹ̀ tó tún ń fún, ó ń wọ́. Ẹni tó bá ní dial gauge, aago tí wọ́n fi ń wọn bó ṣe ń wọ́, 0.05 mm ni òpin ẹ̀, kò nípọn tó bébà. Ìnípọn tí dísìkì ò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ ẹ̀ wà lára irin náà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Bó bá ṣì nípọn jùyẹn lọ, kí wọ́n fá méjèèjì ní léètì, ẹ̀rọ tó ń fá irin. Tí kò bá tó mọ́, ẹ ra òmíràn, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ tókúnbọ̀, ẹ fi fáníà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ìnípọn, wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó.

Bọ́ṣìn tí Dírẹ́bà sọ, kí wọ́n wò ó. Bó bá ti yẹ̀, ó máa ń sọ gbígbọ̀n kékeré di ńlá, àmọ́ òun kọ́ ló ń bí i.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀:
Ọ̀gá, ọwọ́ yín ò ní ṣẹ́! Píìnì apá òsì ló há, rọ́bà ẹ̀ ti ya, omi ti wọ̀ ọ́, gírísì ibẹ̀ ti gan. Ojú họ́ọ̀bù pọ́n bí ilẹ̀ Ìbàdàn. Dísìkì ṣì nípọn, wọ́n fá méjèèjì, mo sì ra pádì tuntun. Ó ti dákẹ́ o. Àmọ́ ó ń rùn díẹ̀, bíréèkì ò sì tíì mú bí mo ṣe fẹ́.

Alábíréèkì Mọ́kọ́lá:
Pádì tuntun ni, mà. Àárọ̀ Sunday tí títì bá dá, ẹ sáré dé 60, ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ dé nǹkan bí 20 láì dúró pátápátá, ẹ tún sáré. Ẹ ṣe é bíi mẹ́wàá, kí ẹ wá máa yí lọ jẹ́jẹ́ kó tutù. Bó bá ṣì gbóná, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dúró síbì kan. Kí wọ́n sì pààrọ̀ rọ́bà píìnì tó ya yẹn kí òjò tó dé.

Dírẹ́bà Mọníyà:
Ọ̀gá, èló lẹ ń gbà láti wo ti èèyàn? Tèmi ti tún ń gbọ̀n.