Ẹ gbà mí o: òfin D&D àtijọ́ sí tuntun, kí ni kí n kà?

ỌmọDáìsì: Ẹ̀yin ará ẹ jọ̀ọ́, Sátidé yìí tá a máa ta D&D (Dungeons & Dragons, géèmù ìtàn orí tábìlì tí wọ́n ń fi dáìsì ta), èmi ni màá jẹ́ DM (ẹni tó ń darí géèmù), ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ò ní lè wá, òfin àtijọ́ làwọn ẹgbẹ́ mi mọ̀, ìwé tuntun ló wà lọ́wọ́ tèmi. Kí ni wọ́n yí padà gan-an? Ẹ tètè dá mi lóhùn.

BàbáTHAC0: Àtijọ́ wo? Àtijọ́ tèmi ni second edition (òfin ẹlẹ́ẹ̀kejì), 1989. AC (nọ́ńbà ààbò ara) tó bá kéré ló le nígbà yẹn. Ká ní THAC0 ẹ (nọ́ńbà tó o gbọ́dọ̀ jù kó o tó ba ọ̀tá tí AC ẹ̀ jẹ́ 0) jẹ́ 15, AC ọ̀tá 4, yọ 4 kúrò nínú 15, dáìsì ẹ gbọ́dọ̀ tó 11, ó kéré tán. Third edition ní 2000 ló yí i sódì: ju d20 (dáìsì ojú ogún), ro bónọ́ọ̀sì ẹ mọ́ ọn, tó bá ti tó AC, ó bà á nìyẹn. Tó o bá fẹ́ gbé AC àtijọ́ wá, yọ ọ́ kúrò nínú 20. Ó parí.

Àdùkẹ́Wizard: Bàbá, ta ló bi yín ní 1989 😂 òfin fifth edition ti 2014 sí ti 2024 ló ń sọ. Ka weapon mastery (àrà tí ohun ìjà kọ̀ọ̀kan lè dá). Cure wounds (idán ìwòsàn) ti kúrò ní 1d8 (dáìsì ojú mẹ́jọ kan), ó ti di 2d8. Bónọ́ọ̀sì ability score (nọ́ńbà agbára, ọgbọ́n àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ) náà ti kúrò lára ẹ̀yà, ara background (ohun tí ẹni tó ò ń fi ṣeré ń ṣe tẹ́lẹ̀) ló wà báyìí.

Jagunjagun5: Ẹ fi mastery sílẹ̀ jàre. DM wa gbé dírágónì láti inú ìwé 3.5 (àtúnṣe third edition) tààrà sínú fifth, kò yí nǹkan kan padà, AC ẹ̀ 30! Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 5 la wà, bónọ́ọ̀sì +7 ni mo fi ń ṣá a. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, àfi kí n ju 20 gan-an, tó máa ń bà láìka AC sí. À ń jù à ń tàsé, à ń jù à ń tàsé, ẹnì kan ti ń tẹ fóònù, ẹnì kan ti sùn, wìsáàdì wa bínú kó dáìsì ẹ̀ sápò ó bá tiẹ̀ lọ, ẹgbẹ́ tú. Ẹ má gbé ẹ̀dá kankan láti ìwé kan sí òmíràn o!!!

OlóyeRúùlù: Ẹ ò gé AC ẹ̀ kù ni. Ní third, fighter (jagunjagun) ń gba +1 sórí ìkọlù ẹ̀ ní gbogbo lẹ́fẹ́ẹ̀lì, tó bá fi máa dé 20 ó ti di +20, a ò tíì ka agbára apá. Fifth ò gbà bẹ́ẹ̀, proficiency (bónọ́ọ̀sì ohun tó o mọ̀ ọ́n ṣe) bẹ̀rẹ̀ ní +2, +6 ló mọ. Ìdí nìyẹn tí Tarrasque, ẹ̀dá abàmì ńlá yẹn pàápàá, ò fi ju AC 25 lọ. Wọ́n fẹ́ kí gọ́blìnì kékeré ṣì lè ṣe yín léṣe.

Jagunjagun5: Àlàyé yìí ò dá wìsáàdì wa padà.

PadàSíKẹrin: Gbogbo yín fo fourth edition, 2008, bíi pé kò sí i. Short rest (ìsinmi kúkúrú) tẹ́ ẹ ń gbádùn, ibẹ̀ ló ti wá.

OlóyeRúùlù: Ìṣẹ́jú márùn-ún ni tiyín, wákàtí kan ni tiwa. Má bẹ̀rẹ̀ o.

PadàSíKẹrin: Ta ló ń bẹ̀rẹ̀??

IwinDúdú: Má lo dáìsì onírin o, ó ń ha tábìlì.

Àdùkẹ́Wizard: @ỌmọDáìsì édíṣàn wo ni wọ́n ń lò, jọ̀ọ́?

ỌmọDáìsì: Mo ti bi wọ́n, 3.5 ni. Ẹ ṣeun gan-an, mo ti pinnu, THAC0 la máa lò, ìṣirò Bàbá ló yé mi jù. Màá sì gbé dírágónì yẹn wá.

Jagunjagun5: Yéè!